Ẹja Oníyọ̀ Lẹ́nu Ẹni Mímọ́ Rokamara

Ẹ sún mọ́ra, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá máa wúkọ́, kó yáa wú u nísinsìnyí, nítorí bí ẹnikẹ́ni bá já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu, n óò dìde ni, n óò lọ yí ẹran mi tó ń gbẹ lórí iná. Èmi Ọdẹ́sànmí tí ẹ ń wò yìí, mo ti bá ẹfọ̀n jìjàkadì lójú ẹkùn rí, ẹkùn ló bẹ̀ mí pé ó tó. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí ẹkùn náà bá wà láyé, ẹ̀ bá bi í.

Ṣùgbọ́n ìtàn tòní kì í ṣe tèmi. Ti ọ̀gá mi ni, Ọdẹ́tóyìnbó, ọmọ Ìdó-Àgbọ̀nrín níbí, ẹni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ ojú ẹsẹ̀ ẹran. Orí àìsàn tó gbé e lọ ló ti sọ ọ́ fún mi, ẹ̀yin sì ni mo kọ́kọ́ ń sọ ọ́ fún. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo rí ọ̀gá mi fín bí mo ṣe ń pè é ní "ó". Nínú ìtàn, ọba pàápàá, "ó" ni. Ìtàn náà kò dùn o. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀rín, kó lọ sọ́dọ̀ aláwàdà.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọdẹ́tóyìnbó bí, ọkùnrin ni, Ọdẹ́níyì lorúkọ rẹ̀. Nílé ọdẹ, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, a kì í ṣàdédé gba omi mu. Ọdẹ lọ́tàá nínú igbó, ó tún lọ́tàá nílé. Ìdí nìyẹn tí ìyá ọmọ náà fi kọ́ ọ láti kékeré pé bó bá bu omi fún bàbá rẹ̀, kó kọ́kọ́ gbé díẹ̀ mì, kí bàbá rí i, kó tó tẹ orúnkún, kó tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó mọ́ ọn lára débi pé bó bá ń bu omi fún ewúrẹ́, á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ìyá rẹ̀ á rẹ́rìn-ín títí, á ní, "Níyì, ta ló fẹ́ fi májèlé pa ewúrẹ́?"

Nígbà tí Ọdẹ́níyì gòkè àgbà, ilẹ̀ ti ṣá, igbó ti ń tán, ẹran sì ti ń jìnnà sí ìlú. Ó ní òun ń lọ sí ìdálẹ̀. Ní ìta gbangba, lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Ẹ wo ọwọ́ yìí. Wọ́n ṣófo lọ, wọn kò ní ṣófo bọ̀. Bí ẹ bá rí ẹnìkan tó jọ mí tó ń bọ̀ lọ́wọ́ òfo, ẹ mọ̀ pé èmi kọ́." Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ìyá rẹ̀ kò pàtẹ́wọ́. Ọdẹ́níyì lọ, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Òjò rọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn dé, òjò tún rọ̀, a kò gbọ́ nǹkan kan.

Nígbà tó yá, Ìyá Níyì kò sunkún mọ́. Á kàn gbé àpótí lọ sí etí ọ̀nà láàárọ̀, á jókòó, á máa wo ọ̀nà. Wọ́n ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Ẹni tó pa òwe yẹn, ojú rẹ̀ ti rí nǹkan.

Lọ́jọ́ kan, Ọdẹ́tóyìnbó ká ẹtu kan mọ́ ìdí àpáta. Ó gbé ìbọn sójú, ó fẹ́ yìn ín, ni ẹtu bá sọ̀rọ̀. Kí ló ń yà yín lẹ́nu? Ẹran ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra tiyín lọ́jà ni ẹ kò gbọ́ ọ rí, ó ti kú kó tó dọ́dọ̀ yín.

Ẹtu ní, "Ọdẹ, má yìn mí! Mo mọ ibi tí ọmọ rẹ wà. Ó wà ní Rokamara, ìlú àtijọ́ kan tó gun orí àpáta lókè òkun, níbi tí ilẹ̀ àwọn òyìnbó Ítálì ti fẹ́ tán sínú omi. Kì í ṣe pé ó kọ̀ yín sílẹ̀ o. Ó gbàgbé ni. Ẹni tó bá jẹ oúnjẹ Rokamara, orúkọ rẹ̀ á fò lọ lórí rẹ̀. Bu omi odò tí ẹ fi wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bí i. Bó bá ti mu ún, á rántí, á sì tẹ̀lé ọ wálé."

Ó gbàgbé ni. Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti dùn tó létí bàbá! Ọdẹ́tóyìnbó sọ ìbọn kalẹ̀, ẹtu sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyá Níyì fúnra rẹ̀ ló lọ pọn omi náà ní odò Olómitútù, ó rọ ọ́ sínú àkèrègbè, ó fi ewé di ẹnu rẹ̀, ó ní, "Bàbá Níyì, ẹ má jẹ́ kó dànù o. Ẹ mú ọmọ mi bọ̀ fún mi." Ọdẹ́tóyìnbó ní bí òun bá wà láàyè, òun á mú un bọ̀.

Ó wọ Igbó Àìrójò. Ẹ má bi mí bí ó ṣe débẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń rìn lójú títì, tí mo bá júwe ọ̀nà fún yín, ṣé ẹ fẹ́ lọ ni? Nínú igbó náà, ewé kò tutù, ẹyẹ kò ké. Iwin kan jókòó lórí òkìtì ọ̀gán, ọ̀fun rẹ̀ gbẹ débi pé bó bá ń sọ̀rọ̀, eruku ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ó ní, "Ọdẹ, fún mi lómi."

Èèwọ̀ wa ni, Ògún ló fi lélẹ̀: ẹni tó bá tọrọ omi lọ́wọ́ ọdẹ lábẹ́ oòrùn, bó ṣe ọ̀tá ni, ọdẹ kò gbọdọ̀ fi dù ú. Ṣùgbọ́n omi ọmọ rẹ̀ nìyí! Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ọdẹ́tóyìnbó tú ewé, ó fún iwin náà ní ìdajì. Iwin mu ún, ojú rẹ̀ là, ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ọdẹ kọ́ ẹ̀yìn, ó sì ré òkun kọjá bí ẹni ń ré kòtò. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ ní òdìkejì, ó ní, "Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù." Ọdẹ́tóyìnbó di òwe yẹn mọ́kàn. Ìbá má dì í mọ́kàn.

Ibi tó bọ́ sí, oko àlìkámà gbígbẹ ni, ó tẹ́ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Àwọn obìnrin ń jó nínú rẹ̀, wọ́n ń jó, wọ́n ń sunkún. Kó tó béèrè ohun tó dé, aláǹtakùn kan ti ta á lọ́rùn ẹsẹ̀. Aláǹtakùn ibẹ̀ kì í pani, jíjó ló ń múni jó. Ẹni tó bá ta, á jó títí òógùn á fi fọ oró náà jáde. Ẹni tó bá sì dúró, oró á dúró sí i lọ́kàn. Ẹsẹ̀ ọ̀gá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìrìgìrì. Ó gbé àkèrègbè ka orí, ó fi ọwọ́ kan dì í mú. Ijó ilẹ̀ yẹn yára ju tiwa lọ. Bó bá bá wọn jó o, omi á dànù. Ó bá ki ìjálá bọnu, ó fi ohùn ti ilẹ̀ wa fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, títí ẹsẹ̀ fi gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ó jó kọjá láàárín oko náà, ẹ̀kán omi kan kò sì ta sílẹ̀. Èmi náà lè jó bẹ́ẹ̀ o. Ẹ bi àwọn ìyàwó mi.

Báyìí ló ṣe dé ẹnubodè Rokamara. Ìlú náà funfun lórí àpáta, ilé gun orí ilé. Ní ẹnubodè, ọkùnrin kúkúrú kan tí kò ga ju orúnkún ènìyàn lọ jókòó, ó wọ ẹ̀wù àlùfáà tó ń wọ́ nílẹ̀, ó dé fìlà pupa. Ọdẹ́tóyìnbó rò pé egbére ni. Ó wo abẹ́ abíyá rẹ̀ bóyá á rí ẹní, kò rí i.

Ọkùnrin náà fi èdè wa sọ pé, "Àlùfáà kékeré ni wọ́n ń pè mí. Inú ilé èèyàn ni mò ń gbé tẹ́lẹ̀, mo máa ń fi ṣíbí wọn pamọ́, mo máa ń so irun ẹṣin wọn pọ̀. Ilé ti ṣófo báyìí. Ta ni n óò fi ṣíbí pamọ́ fún? Gbọ́ ààlọ́ mi. Bí o bá mọ̀ ọ́n, wàá wọlé. Obìnrin kan wà, ó lọ́kọ lọ́kọ, kò yan ọ̀kankan nínú wọn. Èyí tó bá dé á fi idà lé èyí tó wà ńlẹ̀. Èyí tó dé kẹ́yìn kò mú idà, òun gan-an ló sì kó gbogbo ọmọ rẹ̀ lọ. Ta ni obìnrin náà? Ta sì ni ọkọ tó kẹ́yìn?"

Ọdẹ́tóyìnbó wo ògiri ìlú bí ó ṣe ń wo ojú ẹsẹ̀ ẹran. Òkúta ńláńlá wà nísàlẹ̀, bíríkì pẹlẹbẹ wà lórí rẹ̀, òkúta gbígbẹ́ wà lórí ìyẹn, gbogbo rẹ̀ sì sán láti òkè dé ilẹ̀. Ọwọ́ tó mọ ọ̀kan kọ́ ló mọ èkejì.

Ó ní, "Ìlú yín yìí ni obìnrin náà."

Àlùfáà kékeré mi kanlẹ̀. "Àwọn Gíríìkì ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n ní orí ibojì obìnrin abìyẹ́ kan ni àwọn kọ́ ọ lé. Ó kọrin fún ọkùnrin kan tó ń wa ọkọ̀ kọjá, ọkùnrin náà kò bojú wẹ̀yìn, ìbànújẹ́ sì pa á sí èbúté. Láti ìpìlẹ̀ ni ẹkún ti wà ńbẹ̀. Àwọn ará Róòmù lé wọn. Àwọn onílàwàní ti ojú òkun dé, wọ́n kó obìnrin lọ. Àwọn ẹlẹ́ṣin tó wọ irin ti ilẹ̀ òtútù wá. Sípéènì dé, ó ń kó ọkà wa. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ mì, ó gbé ilé mì pẹ̀lú àwọn tó sùn sínú rẹ̀. A tún gbogbo rẹ̀ kọ́. Ọkọ tó kẹ́yìn ńkọ́?"

"Ebi ni," ni Ọdẹ́tóyìnbó wí.

"O mọ̀ ọ́n! Kò fọwọ́ kan ògiri. Ó kàn dúró sí èbúté, ó ń fọwọ́ pe àwọn ọ̀dọ́. Wọ́n tẹ̀lé e lọ sí Amẹ́ríkà."

"A mọ ọkọ yẹn nílùú tiwa náà," ni ọ̀gá mi wí.

Àlùfáà kékeré fi ìka kan etí ọ̀gá mi, ọ̀gá mi sì ń gbọ́ èdè Rokamara láti ìgbà náà. Ó wọ ìlú. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì pọ̀ ju èyí tó ṣí lọ. Àwọn arúgbó jókòó lójú fèrèsé, wọ́n ń wo òkun. Kò sí ọmọdé, kò sí igbe. Kànga wọn ti gbẹ. Ìrì àárọ̀ ni wọ́n ń fi aṣọ nù lórí òkúta, wọ́n á fún un sẹ́nu. Ó béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan wà láàárín wọn. Wọ́n ní, "Roko ni o ń wí. Ilé Nunsiáta ló wà, lókè àtẹ̀gùn."

Nunsiáta jẹ́ opó, ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán. Ó gba àlejò tọwọ́ tẹsẹ̀. Ó ní, "Wọlé, àlejò. N kò ní omi tí n óò fi ṣe ọ́ lálejò, ṣùgbọ́n mo ní àga. Ọmọ mi ti lọ ṣẹ́gi. Roko mi. Ó lọ sí Amẹ́ríkà, ó pẹ́ níbẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ó ti padà dé."

Ọdẹ́tóyìnbó rọra bi í bóyá ọmọ náà gan-an ni.

Inú bí obìnrin náà. "Ohun tí gbogbo wọn ń bi mí nìyẹn. Wọ́n ní kì í ṣe òun, wọ́n ní àwọ̀ rẹ̀ kò jọ tèmi. Èwo ló kàn wọ́n? Mo pe Roko, ó dáhùn. Kí ni ọmọ tún ń ṣe jùyẹn lọ?"

Wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ẹni bá gbé ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà ńkọ́?

Ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wọlé, ó ru igi. Ọdẹ́níyì ni! Ó ti gbẹ, èjìká rẹ̀ ti bó, ṣùgbọ́n òun ni. Ọdẹ́tóyìnbó kígbe, "Ọdẹ́níyì!" Igi kan yọ bọ́ nínú ẹrù náà, ó kanlẹ̀. Ọmọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó mú un, kò gbójú sókè.

"Roko ni mí, bàbá àlejò," ló fi èdè ìlú náà wí.

Ọdẹ́tóyìnbó tú ẹnu àkèrègbè. "Gbà, ọmọ mi, mu omi yìí."

"Òùngbẹ kò gbẹ mí."

Ẹ gbọ́ o! Nínú ìlú tí wọ́n ti ń lá òkúta, ọmọkùnrin tí ètè rẹ̀ ti là wíńníwínní, ó ní òùngbẹ kò gbẹ òun. Ẹ̀yin ti fura, àbí? Mo rí i lójú yín. Ọ̀gá mi, akọni tó lè sọ ọjọ́ tí ẹran kọjá nípa wíwo koríko, kò fura. Ó ní oògùn oúnjẹ Rokamara ló le tó bẹ́ẹ̀, ó ní òun á dọ́gbọ́n sí i lọ́la.

Ọjọ́ kejì bọ́ sí ọjọ́ ọdún Ẹni Mímọ́ wọn, ẹni tí wọ́n ń pè ní Sán Gramásío. Lọ́sàn-án gangan, wọ́n gbé ère rẹ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Igi ni, ó ga ju ènìyàn lọ, èéfín àbẹ́là ti sọ ọ́ di dúdú. Àwọn arúgbó mẹ́ta kan di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Roko nìkan ló gbé gbogbo iwájú. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ ní gbàgede, Ọdẹ́tóyìnbó rí i pé ẹja oníyọ̀ kún ẹnu rẹ̀ fọ́fọ́, ìrù wọn yọ síta.

Ó bi Nunsiáta pé kí lèyí. Nunsiáta ní, "Ọ̀dá ló dá. A bẹ̀ ẹ́, a tan àbẹ́là, a fi ẹsẹ̀ lásán gun òkè, kò dáhùn. Àwọn bàbá wa ní torí pé òùngbẹ kì í gbẹ ẹ́ ni kò ṣe bìkítà. Wọ́n ki ẹja oníyọ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́nu kó lè mọ̀ ọ́n lára. Bí ọdún rẹ̀ bá pé tí òjò kò rọ̀, a tún máa ń ki òmíràn kún un."

Ọdẹ́tóyìnbó rò ó lọ́kàn rẹ̀ pé àwọn èèyàn òun náà kì í gba ìgbàkugbà lọ́wọ́ òrìṣà. Wọ́n á ní, òrìṣà, bí o kò bá lè gbè mí, ṣe mí bí o ti bá mi. Ṣùgbọ́n kéèyàn di ẹnu agbẹjọ́rò rẹ̀ pa, kó tún máa bi í pé kí ló dé tí kò rojọ́, ọ̀gá mi kò rí irú rẹ̀ rí. Kò sì sẹ́ni tó lè yọ ẹja náà, nítorí ẹni tó bá yọ ọ́ ti sọ pé àwọn bàbá wọn ṣìṣe.

Olórí ìlú ti mú ẹja ọdún yìí lọ́wọ́, ó ń bọ̀. Ni Ẹni Mímọ́ bá yí ojú igi rẹ̀ sí ọ̀gá mi. Òun nìkan ló gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ń ti àárín ẹja bọ̀, ó há.

"Ọdẹ. Omi."

Ìdajì tó kù nínú àkèrègbè, ẹnu kan ló tó. Ọdẹ́tóyìnbó wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wo Ẹni Mímọ́. Òun kò yí ojú. Ó rántí iwin Igbó Àìrójò, ó rántí òwe tó dì mọ́kàn, ó ní bí iwin lásán bá lè gbé òun ré òkun kọjá nítorí ìdajì omi, kí ni Ẹni Mímọ́ kò ní lè ṣe? Ó fò síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹja jáde.

Igbe ta! Àwọn arúgbó ṣa òkúta, wọ́n gbé ọ̀pá sókè. Roko ló bọ́ sáàárín, ó na apá méjèèjì, ó ń kígbe pé, "Ẹ má fọwọ́ kàn án! Bàbá àgbà ni, ẹ fi í sílẹ̀!" Ọdẹ́tóyìnbó rọ omi Olómitútù sí ẹnu ère náà, gbogbo rẹ̀, títí àkèrègbè fi gbẹ.

Ẹni Mímọ́ gbé e mì. Ọ̀gá mi kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, mo ti fún yín ní gbogbo ohun tí mo mú wá. Ọmọ mi tó sọnù, ẹ dá a padà fún mi."

Sán Gramásío ní, "Ohun tó sọnù ni mò ń bá wọn wá, ọdẹ. Tìrẹ kò sọnù."

Inú Ọdẹ́tóyìnbó dùn! Ó rò pé ìdáhùn àdúrà nìyẹn. Kó tó dìde, àrá ti sán, òjò sì dà sílẹ̀ wììì. Àwọn arúgbó ń sunkún, wọ́n ń gbé ìkòkò, ọpọ́n àti fìlà síta, wọ́n ń fi ẹnu kan ẹsẹ̀ ère tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ki ẹja bọ̀ lẹ́nu. Nunsiáta dúró nínú òjò, ó la ẹnu sókè, ó ní, "Roko, ọmọ mi, bu omi fún àlejò wa. Òun ló gbà wá."

Roko gbé ife amọ̀, ó bu omi òjò kún un, ó ń bọ̀. Àwọn ará Rokamara, bí wọ́n bá fẹ́ fún ọ lómi, wọ́n á kàn fi ọwọ́ kan nà án sí ọ ni, wọ́n á máa bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lọ. Ọmọkùnrin yìí dé iwájú Ọdẹ́tóyìnbó. Ó gbé ife sẹ́nu, ó gbé díẹ̀ mì. Ó tẹ orúnkún. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

Ọwọ́ rẹ̀ ló tú àṣírí rẹ̀. Ó ti ṣe é tán kó tó mọ̀ pé òun ṣe é. Àwọn méjèèjì wo ara wọn, òjò ń pa wọ́n, ọ̀gá mi sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọmọ òun kò gbàgbé nǹkan kan, kò fìgbà kan gbàgbé. Ẹtu purọ́. Ẹran tó rí ẹnu ìbọn, kí ni kò ní sọ?

"Níyì," ló wí, "ìgbà wo lo ti mọ̀ pé èmi ni?"

Ọmọ náà fi èdè wa dáhùn. "Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ohùn yín lórí àtẹ̀gùn, Bàbá, kí n tó wọlé."

"Màmá ẹ jókòó sétí ọ̀nà."

"Mo mọ̀." Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú bàbá rẹ̀, àpá igi ló kún ibẹ̀. "Ẹ wo ọwọ́ mi. Òfo náà ni. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ lójú gbogbo ẹgbẹ́ mi. Ikú yá ju ẹ̀sín, Bàbá."

"Ta ló ń bi ọ́ nípa ọwọ́? Gbé ara ẹ wá!"

"Ẹ̀yin kò ní bi mí. Ìlú á bi mí. Níbí, ìyá yìí pè mí, mo sì dáhùn, ó tó o. Kò bi mí léèrè ohun tí mo mú bọ̀."

Ọdẹ́tóyìnbó ní òun á gbé e lọ tipátipá. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìgbà yẹn gan-an ni Nunsiáta ké láti inú òjò pé, "Roko!" Ọmọ náà sì dáhùn, "Màámà!" kíá, bí ọmọ ṣe ń dá ìyá lóhùn. Ọwọ́ ọ̀gá mi bá tú fúnra rẹ̀.

"Ẹ sọ fún wọn nílé pé ẹ kò rí mi," ni Ọdẹ́níyì wí. Ó yí padà, ó lọ bá obìnrin náà gbé ìkòkò.

Ọdẹ́tóyìnbó mu omi tó kù nínú ife náà tán. Ó ní omi náà dùn, ìyẹn gan-an ló bí òun nínú jù.

Wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má rele. Ẹni tó bá tún pa òwe yẹn níwájú mi, n óò dá a lóhùn. Ọ̀gá mi padà. Bó ṣe bá ẹtu níbi àpáta lọ́jọ́sí, ó tún bá a níbẹ̀, ó ní, "O purọ́ fún mi." Ẹtu ní, "Ìwọ lo gbé ìbọn sí mi lójú. Ohun tí o fẹ́ gbọ́ ni mo sọ." Kò yìn ín. Kò yìn nǹkan kan mọ́ láti ọjọ́ náà. Ìbọn rẹ̀ ló wà lọ́rùn mi yìí.

Ìyá Níyì rí i tó ń dá nìkan bọ̀. Kò kígbe. Ó gbé àpótí fún un, ó ní, "Bàbá Níyì, ẹ kú àjò. Ṣé ẹ rí i?"

Ó ní, "Mo rí ẹnìkan tó jọ ọ́. Ó bu omi fún mi."

Obìnrin náà di apá rẹ̀ mú. "Ṣé ó tọ́ ọ wò kó tó gbé e fún yín?"

Ọ̀gá mi sọ fún mi pé gbogbo igbó tí òun là kọjá, òkun, oró aláǹtakùn, òkò àwọn arúgbó, kò sí èyí tó wúwo tó ìbéèrè yẹn. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀.

"Kò tọ́ ọ wò," ló wí.

Ìyá Níyì mí kanlẹ̀. Ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu. Ó ní, "Kì í ṣe òun nìyẹn. Mo mọ̀! Ọmọ mi kò lè gbàgbé ìyẹn láéláé. Ó ń bọ̀." Ó dìde, ó lọ gbé oúnjẹ kaná fún ọkọ rẹ̀. Nígbà tó di àárọ̀, ó gbé àpótí rẹ̀, ó lọ jókòó sétí ọ̀nà.

Ẹ̀yin tí ẹ gba ọ̀nà oko wá, ẹ kí i lónìí. Ó ní ẹ kú àbọ̀, àbí kò sọ bẹ́ẹ̀? Bí ẹ bá ń lọ, ẹ tún kí i dáadáa. Bó bá bi yín pé kí ni Ọdẹ́sànmí ń sọ tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ẹ ní ọ̀rọ̀ ẹfọ̀n àti ẹkùn ni.